Rédíò Tí Ń Gba Èsì: Ìtàn Iṣẹ́ Rírán Láti Orí Òkè Aṣálẹ̀

Nígbà tí ẹ̀rọ rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu: wọ́n pè é ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀rọ náà a máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń gbọ́ ọ tilẹ̀ fi ohùn rara dá a lóhùn, kò gbọ́, kò sì bìkítà. Ṣùgbọ́n oríṣi rédíò mìíràn wà tí orúkọ yìí kò bá mu rárá. Èyí ni rédíò àwọn afìfẹ́ṣe, àwọn ènìyàn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa fi ẹ̀rọ tiwọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ ká gbogbo ayé, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ìfẹ́ ìmọ̀ àti ìfẹ́ ẹlòmíràn nìkan. Lára wọn ni àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wọn pọ̀n sẹ́yìn, tí wọ́n ń gun àwọn òkè gbígbẹ inú aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń ti orí ṣóńṣó òkè ké sí ayé. Ẹni tí ó bá rí wọn lè rò pé eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju eré lọ, nítorí pé ní ilẹ̀ olókè kan náà ni a ti rán iṣẹ́ mìíràn, tí kò bèèrè èsì lọ́wọ́ àwọn tí ó kàn, ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn.

Kí ni ó dé tí ẹni tí ó fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn fi ń wá òkè? Òwe wa sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bí ó tilẹ̀ gun igi. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni òwe yìí ń sọ; ní ti ojú lásán, ẹni tí ó gun òkè ni ó ń rí jù. Ayé rí rogodo bí ọsàn, ilẹ̀ a sì máa tẹ̀ kọrọdọ lọ sísàlẹ̀ kúrò lójú wa. Ẹni tí ó dúró létí òkun, ojú rẹ̀ kò lè rí ojú omi kọjá nǹkan bíi kìlómítà 5. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá dúró lórí òkè tí ó fi mítà 1,000 ga ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó yí i ká lọ, tí ojú ọjọ́ sì mọ́, ojú rẹ̀ lè ká ilẹ̀ tó kìlómítà 113. Ohun tí ojú lè rí, ìmọ́lẹ̀ lè dé ibẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ sì lè dé, a lè ránṣẹ́ sí i. Inú aṣálẹ̀ ni èyí ti dára jù, nítorí pé kò sí igbó tí ó dí ojú, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kéré, oòrùn sì ń ràn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ láàárín ọdún.

Ọ̀gbẹ́ni Henry Mance, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ wáyà ní ìhà Ọ̀kun Páṣíà, ni ó sọ ọgbọ́n yìí di ẹ̀rọ ní ọdún 1869. Ó gbé jígí kan ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó dojú rẹ̀ kọ oòrùn, ó sì ṣe é kí ọwọ́ lè máa mi jígí náà díẹ̀díẹ̀, kí ìtànṣán rẹ̀ máa bọ́ sí ojú ẹni tí ó wà lókèèrè, kí ó sì tún máa kúrò níbẹ̀. Bí ìtànṣán náà bá pẹ́ díẹ̀, àmì gígùn ni. Bí kò bá pẹ́, àmì kúkúrú ni. Pẹ̀lú àmì gígùn àti àmì kúkúrú wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí Samuel Morse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tò wọ́n fún àwọn tí ń tẹ wáyà, a lè kọ gbogbo lẹ́tà, a sì lè sọ ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀rọ̀ kan. Jígí yìí kò fẹ́ wáyà, kò fẹ́ òpó, ọ̀tá kò sì rí ohun kan gé lójú ọ̀nà. Heliograph ni wọ́n pè é. Àwa yóò pè é ní jígí aránṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun fi gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1886, ìjọba Amẹ́ríkà fi Ọ̀gágun Nelson Miles ṣe olórí ogun ní Arizona, dípò Ọ̀gágun George Crook. Iṣẹ́ tí a rán an ni pé kí ó mú Geronimo, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ẹ̀yà Apache tí à ń pè ní Chiricahua. Ẹjọ́ àwọn Chiricahua kò ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni tí ó mọ iyì ilẹ̀ baba ẹni. Ní ọdún 1876, ìjọba ti gba ilẹ̀ tí ó ti ṣèlérí fún wọn, ó sì kó wọn lọ sí San Carlos, ibi tí ooru pọ̀ sí. Láti ibẹ̀ ni Geronimo àti àwọn tirẹ̀ ti ń sá jáde, tí wọ́n ń wọ inú òkè lọ títí dé ilẹ̀ Mẹ́síkò. Nígbà tí Miles dé, àwọn tí ó kù lẹ́yìn Geronimo kò ju bí ogójì ènìyàn lọ, t'ọkùnrin t'obìnrin t'ọmọdé. Àwọn ọmọ ogun tí ń lé wọn sì tó 5,000. Miles kó àwọn amọṣẹ́ jígí gun àwọn ibi gíga káàkiri Arizona àti New Mexico. Ibùdó jígí 27 ni ó dá sílẹ̀. Láti òkè dé òkè ni ìtànṣán ń fò, tí wọ́n ń ròyìn ibi tí a ti rí ẹsẹ̀ ẹṣin, ibi tí omi wà, àti ibi tí ẹ̀ṣọ́ yẹ kí ó dúró sí. Òkè tí ó ti jẹ́ ibi ìsásí fún àwọn Apache di ojú tí ń ṣọ́ wọn.

Ṣé jígí ni ó wá mú Geronimo? Àwọn òpìtàn kò fi ẹnu kò lórí bí ó ti wúlò tó. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹnu ènìyàn ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà. Lieutenant Charles Gatewood, pẹ̀lú àwọn ọmọ Apache méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Kayitah àti Martine, ni wọ́n wọ inú òkè Mẹ́síkò lọ. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n kọ́kọ́ gun òkè lọ bá Geronimo, tí wọ́n jíṣẹ́ fún un, tí Martine sì gba èsì padà wá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, Geronimo jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Miles ní Skeleton Canyon. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀san tí ó tẹ̀ lé e. A kó àwọn Chiricahua sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Florida gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Kì í ṣe àwọn tí ó jagun nìkan, a kó àwọn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú, a sì kó àwọn tí ó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́, títí kan Kayitah àti Martine tí ó jíṣẹ́ náà. Geronimo kú ní Fort Sill, ní Oklahoma, ní ọdún 1909, kò sì padà rí ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1913 ni a tó tú àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 27. Iṣẹ́ tí ń ti orí òkè wá nígbà náà kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Nípa wọn ni à ń sọ̀rọ̀, a kò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1894, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi jígí ránṣẹ́ láti orí Òkè Ellen ní Utah dé orí Òkè Uncompahgre ní Colorado, ìrìn máìlì 183, tàbí nǹkan bíi kìlómítà 295. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n jígí ní àbùkù tí kò ní àtúnṣe: bí ìkùukùu bá bo oòrùn, ọ̀rọ̀ tán; bí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí, ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ojú kò rí ti jáde. Láàárín ọdún 1886 sí 1888, Heinrich Hertz, olùkọ́ kan ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, ti fi hàn pé iná mànàmáná lè rán ìgbì jáde sínú òfuurufú, ìgbì tí ó jẹ́ ìbátan ìmọ́lẹ̀, tí kò sì bèèrè oòrùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1901, Guglielmo Marconi sọ pé òun gbọ́ àmì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí òkè kan ní Newfoundland, ní òdìkejì Òkun Àtìláńtíìkì. Láti ọjọ́ náà ni rédíò ti di ohun tí àwọn ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdékùnrin nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé wọn àti àwọn àgbà nínú ilé iṣẹ́ wọn náà ti ń ṣe rédíò tiwọn. Wọ́n pọ̀ dé ibi tí ohùn wọn ń da ohùn àwọn ọkọ̀ ojú omi rú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ní oṣù kẹjọ ọdún náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo rédíò láìgba ìwé àṣẹ, àti pé àwọn afìfẹ́ṣe kò gbọdọ̀ lo ìgbì tí gígùn rẹ̀ ju mítà 200 lọ. Ìgbì gígùn ni gbogbo ayé ń fẹ́ nígbà náà. Àwọn amòye gbà pé ìgbì kúkúrú kò níláárí. Bí a ti kó àwọn Chiricahua lọ sí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a lé àwọn afìfẹ́ṣe lọ sí ìgbì tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Ìjìyà méjèèjì kò dọ́gba rárá, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n wé ara wọn ní ti ìrora. Ṣùgbọ́n èrò tí ó bí wọn jọra: pé ẹni tí kò lágbára ni kí ó gba ohun tí kò dára.

Àwọn afìfẹ́ṣe kò jókòó sunkún. Nítorí pé ẹ̀rọ wọn kò lè dé ọ̀nà jíjìn, Hiram Percy Maxim àti Clarence Tuska dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Hartford, ní Connecticut, ní ọdún 1914, kí ẹni kìn-ín-ní lè máa gba iṣẹ́ fún ẹni kejì, kí ẹni kejì sì fi lé ẹni kẹta lọ́wọ́, títí iṣẹ́ náà yóò fi dé ibi tí à ń rán an. Àwọn àgbà wa ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìgbì ẹrú ni a fún wọn. Bí ọmọ ni wọ́n ṣe lò ó. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní ìlú Nice ní Faransé àti Fred Schnell ní Connecticut fi ìgbì tí ó súnmọ́ mítà 100 bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá Òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1924, Cecil Goyder, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 18 ní Mill Hill School ní Lọ́ńdọ̀nù, jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun àti Frank Bell ní New Zealand sì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn lé ní kìlómítà 18,000. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe èyí.

Àṣírí ọ̀ràn náà ni pé lókè réré, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè, oòrùn máa ń mú kí afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́lẹ́ níbẹ̀ gba agbára mànàmáná. Arthur Kennelly àti Oliver Heaviside ti sọ ní ọdún 1902 pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò wà. Edward Appleton sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1924. Bí ìgbì kúkúrú bá lọ kan ibẹ̀, a máa tẹ̀ padà wá sílẹ̀ bí bọ́ọ̀lù tí a gbá mọ́ ògiri, ó sì lè tún fò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta títí yóò fi yí ayé ká. Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ̀ ni ó ní ìṣúra nínú. Kò pẹ́ tí àwọn ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ fi padà wá bèèrè fún ìgbì kúkúrú, tí wọ́n sì gba apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a fi apá kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó wá a rí, ó sì wà lọ́wọ́ wọn di òní.

Rédíò ìgbà náà wúwo, bátìrì rẹ̀ sì wúwo jù ú lọ. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ní Bell Laboratories ṣe transistor jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1947, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, títí ó fi di ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2002, àwọn afìfẹ́ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa àbá John Linford, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Summits on the Air, èyí tí ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ fi agbára ara rẹ̀ parí ìrìn dé orí òkè. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbé e débẹ̀. Kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ amúnáwá tí ń jẹ epo. Ibi tí ó bá dúró sí kò gbọdọ̀ fi ju mítà 25 rẹlẹ̀ sí ṣóńṣó òkè náà. Òkè kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, láti 1 dé 10, gẹ́gẹ́ bí gíga rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó máàkì 1,000 jọ ni wọ́n ń fún ní oyè Ewúrẹ́ Orí Òkè. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ó wù mí ju gbogbo ìyókù lọ: bí ẹnì kan tilẹ̀ gun òkè tí ó ga jù lọ, tí ó sì pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní gba máàkì kankan àfi bí ó kéré tán ènìyàn mẹ́rin bá dá a lóhùn. Èsì ni ó ń sọ ìrìn di iṣẹ́. Àwọn tí ó sì jókòó sílé tí wọ́n ń dáhùn náà ń gba máàkì tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí jẹ́ nínú aṣálẹ̀. Òkè Telescope ní California ga ní mítà 3,366. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Àfonífojì Ikú wà, níbi tí ilẹ̀ Badwater ti fi mítà 86 rẹlẹ̀ sí ojú òkun. Ìtòsí ibẹ̀ ni a ti kọ ooru ìwọ̀n 56.7 sílẹ̀ ní ọdún 1913, èyí tí ó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń tọ́jú ọgbà náà kìlọ̀ fún un pé kí ó mu omi tí ó tó lítà 4 lójúmọ́, ó kéré tán. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Nítorí náà kí onírédíò tó kúrò nílé ni ìdánwò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: bátìrì kejì ni yóò gbé ni, àbí ìgò omi kẹrin? Ọlọ́gbọ́n a gbé omi. Ẹni tí òǹgbẹ pa kì í ránṣẹ́. A kúrò nílé kí oòrùn tó yọ, a fi ojú ṣọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún àti ejò, a sì ti sọ fún ará ilé wákàtí tí ó yẹ kí a padà. Bí ó bá dé orí òkè, yóò gbé ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nàró, yóò ta wáyà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 10 sí i, yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ lè má ju wáàtì 5 lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára gílóòbù iná oníwáàtì 60. Yóò pe àmì tí ìjọba fi dá a mọ̀, yóò sì dákẹ́ gbọ́. Bí ó bá sì ṣe pé ìgbì kúkúrú púpọ̀ tí kì í tẹ̀ padà láti òkè réré ni ó ń lò, gíga òkè náà ni yóò ràn án lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ran àwọn onijígí ọdún 1886 lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, òjò àti àrá a máa dé bá aṣálẹ̀ Arizona lójijì ní ọ̀sán. Ẹni tí ó bá ri ìkùukùu dúdú tí kò sì ká wáyà rẹ̀ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọ̀pá pe mànàmáná sí orí ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kan ṣì kù tí àwọn òkè náà ń kọ́ni. Òkè Baboquivari ní gúúsù Arizona jẹ́ ilẹ̀ mímọ́ fún àwọn ará Tohono O'odham; níbẹ̀ ni wọ́n gbà pé I'itoi, ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá àwọn ènìyàn wọn, ń gbé. Àlejò tí ó bá gbé rédíò dé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé òkè náà ti ní ohùn tirẹ̀ kí òun tó dé, àti pé ó yẹ kí òun tọrọ àyè, kí òun sì kó gbogbo wáyà òun nígbà tí òun bá ń lọ. Àìbèèrè ni ẹ̀ṣẹ̀ ọdún 1886. Kò yẹ kí a tún un dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìfẹ́ ni à ń ṣe báyìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, láti Sókótó dé Calabar, orílẹ̀-èdè tiwa náà ní àmì nínú ètò yìí: 5N ni ó máa ń ṣíwájú àmì ìpè onírédíò afìfẹ́ṣe ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní rédíò kí a tó kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn yìí. Jígí kékeré méjì, oòrùn, àti pápá gbalasa tó. Kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe wo oòrùn, kí wọ́n má sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹlẹ́ṣin tàbí awakọ̀. Lẹ́yìn náà, fi ọmọ kan sí ìkángun pápá, fi èkejì sí ìkángun kejì, kí o sì ní kí wọ́n fi àmì gígùn àti kúkúrú kí ara wọn. Ìwọ yóò rí i pé kì í ṣe ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ni inú rẹ̀ yóò dùn. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọ̀hún tàn padà ni yóò fò sókè. Nígbà náà ni kí o sọ ìtàn Kayitah àti Martine fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ láti orí òkè pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dúró gbọ́ èsì, tí ó sì ń san ẹ̀san rere fún ẹni tí ó mú èsì wá, òun ni ó mọ iṣẹ́ rán.